Àwọn Ọmọ Tó Ń Ya Bọ́tìnnì

Ọdún méjì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi jù mí lọ. Lójúkojú, "ẹ̀yin" ni mò ń pè é, torí ọwọ́ rẹ̀ kò jìnnà sí etí ènìyàn. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn yìí, "ó" ni màá máa lò fún un, kí òun àti bàbá wa má baà dàrú mọ́ yín lójú. Bó bá kà á tó bínú, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ fọ́tò ló ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ nísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta, láàárín ẹni tó ń tún bàtà ṣe àti ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Aṣọ funfun kan wà lára ògiri, àpótí ìjókòó kan wà níwájú rẹ̀, dígí kan sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n fi okùn so kóòmù mọ́. Gbogbo àdúgbò ló ti fi kóòmù yẹn ya irun. Ẹni tó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà, ẹni tó fẹ́ wọ ilé-ìwé, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá ti jókòó tán, á ní, "Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ìjọba ò fẹ́ ẹ̀rín." Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló sì máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, á wá di pé kí wọ́n tún un yà.

Nígbà tí ìyá wa kú, fọ́tò tí a máa gbé kọ́ ara ògiri di wàhálà sí wa lọ́rùn. A tú àpótí, a tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nínú gbogbo fọ́tò tí a rí, ẹ̀yìn ni ìyá wa máa ń dúró sí, tàbí kó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ dání, tí orí ọmọ náà sì bo ẹnu wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ló padà gé wọn jáde láti inú fọ́tò ìgbéyàwó ẹlòmíràn. Títí dòní, èjìká ọkùnrin kan tí a ò mọ̀ rí ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa lára ògiri. Bí àlejò bá béèrè pé ta ni, a ó ní ará ilé ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun ẹ̀gbọ́n mi wọra. Fọtógíráfà ni, ìyá rẹ̀ sì kú láìní fọ́tò kan gidi. Ó búra fún mi pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Kí bàbá wa tó lọ, òun máa ya ojú wọn gan-an, èyí tí ẹnikẹ́ni tó bá rí i máa mọ̀ pé àwọn nìyí, kì í ṣe ọkùnrin kan tó wọ kóòtù wọn. Bàbá ti lé lọ́gọ́rin ọdún nígbà yẹn, nítorí náà kì í ṣe ohun tí à ń fi dọ̀la.

Télọ̀ ni bàbá wa. Aṣọ ọkùnrin ni wọ́n ń rán, kóòtù, ṣẹ́ẹ̀tì, àti ṣòkòtò tí ìlà rẹ̀ lè gé ènìyàn lọ́wọ́. Wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ na ọmọ. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n gbé kalẹ̀ nílé, pé ọmọdé kì í wo àgbà lójú. Bí wọ́n bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni kó o máa wò. Wọ́n á ní, "Ẹni tó bá wò mí lójú, á rí pupa rẹ̀." Àwa ò sì fẹ́ rí pupa kankan. A mọ bàtà bàbá wa ju bí a ṣe mọ ojú wọn lọ. A dàgbà, a ṣe ìgbéyàwó, a bímọ, síbẹ̀ bí a bá ti dé iwájú wọn, ilẹ̀ náà là ń wò. Kò sẹ́ni tó ní ká máa ṣe é mọ́, kò sì sẹ́ni tó ní ká fi í sílẹ̀.

Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyí nígbà tí ilé àwòrán tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi. Obìnrin tó jẹ́ alábòójútó ibẹ̀ ti ya fọ́tò ìwé ìrìnnà lọ́dọ̀ rẹ̀ rí, ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun máa jọ ara òun nínú ìwé ìjọba. Ó fẹ́ kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé bí a ṣe ń ya ojú ènìyàn, lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, títí sáà náà á fi parí. Èyí tó bá dára nínú iṣẹ́ wọn, wọ́n á gbé e kọ́ ara ògiri kí àwọn òbí wá wò ó. Èmi ni mò ń bá a ru iná fọ́tò àti aṣọ funfun lọ síbẹ̀, torí mo ti fẹ̀yìntì, ìyàwó mi sì ti ní òun ò lè máa bá mi du àga nílé.

Yàrá ńlá ni wọ́n fún wa. Ògiri rẹ̀ funfun, fèrèsé rẹ̀ ga, ilẹ̀ onípákó rẹ̀ sì máa ń ké bí a bá ti tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ náà wọ aṣọ ilé-ìwé wọn wá, wọ́n ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, kámẹ́rà kan fún ọmọ méjì. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ wọn kò le rárá. Nínú kámẹ́rà, àmì kékeré onígun mẹ́rin kan wà. Ibi tó o bá gbé àmì náà lé ni kámẹ́rà máa mú kedere, ibi tó kù á rí bàìbàì.

"Ẹyinjú ni kẹ́ ẹ gbé e lé," ló wí fún wọn. "Kì í ṣe imú, kì í ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí pé ojú lọ̀rọ̀ wà? Iṣẹ́ wa gan-an ni wọ́n ń sọ."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ya ara wọn. Ẹ gbọ́ ariwo! Ẹnìkan ń yọ ahọ́n, ẹnìkan ń fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀kan ní kí wọ́n má ya òun lápá ibi tí irorẹ́ wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri, gbogbo ẹyinjú ló mọ́ gaara. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn débi pé ó ra bisikíìtì fún wọn.

Àgbà ló ní kí wọ́n yà lọ́sẹ̀ kejì. Ó bẹ ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ìyá tó ń gbá ilé, àti akọ̀wé owó, pé kí wọ́n wá jókòó fún àwọn ọmọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Yàrá pa lọ́lọ́ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ọmọ náà ṣe jẹ́jẹ́, wọ́n ń kí wọn, wọ́n ń dúpẹ́. Mo tilẹ̀ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé wọ́n ti gbọ́n. Àṣé mo tètè sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára ògiri, bọ́tìnnì la rí. Bọ́tìnnì àyà ọlọ́dẹ, ó mọ́ débi pé a lè ka okùn inú ihò rẹ̀, ojú ọlọ́dẹ fúnra rẹ̀ sì rí bí ẹni tó wà nínú èéfín. Èyí tó tẹ̀ lé e, bọ́tìnnì. Ti akọ̀wé owó, gègé tó fi há àpò. Ti ìyá tó ń gbá ilé, yẹtí.

Ẹ̀rín pa mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Ọlọ́dẹ ní, "Bí bọ́tìnnì mi bá sọnù lọ́la, a ti ní ẹ̀rí."

Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló ní kẹ́ ẹ máa ya bọ́tìnnì? Kí ni mo kọ́ yín lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

Wọ́n ń wo ara wọn. Ọmọbìnrin kan tó wọ awò ojú ló dáhùn níkẹyìn. "Àǹtí, ẹ má bínú. A ò lè ranjú mọ́ wọn ni."

"Ranjú bíi ti báwo? Kámẹ́rà kọ́ ló wà láàárín yín?"

"Kámẹ́rà ò bo nǹkan kan, Àǹtí. Bí mo bá ti gbé e sójú, ńṣe ni mò ń rí i pé wọ́n ń wò mí. Ó dà bíi pé mò ń fojú di wọ́n."

Àwọn yòókù mi orí. Gbogbo wọn ló ti gbé àmì náà dé ojú, tí ìtìjú sì mú wọn, tí wọ́n wá rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síbi tí kò ti lè bá wọn wí. Bọ́tìnnì kì í wo ènìyàn padà.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ tún bá wọn wí, mo rí i ní ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pa ẹnu dé. Lẹ́yìn náà, a kó ẹrù padà wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó lọ tààrà sídìí kọ̀ǹpútà, ó ṣí ibi tó ń kó fọ́tò ẹbí sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ti bàbá wa. Ó ti pẹ́ tó ti ń yà wọ́n, lọ́jọ́ ọdún, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, níwájú máṣíìnì wọn. Ó fẹ ọ̀kan, ó sún mọ́ ọn, ó lọ sórí òmíràn. Lẹ́yìn náà ló pè mí.

"Wá wo nǹkan."

Mo wò ó. Kóòtù aláwọ̀ eérú, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán. Ojú bàbá wa, bàìbàì. Ó ṣí òmíràn, bọ́tìnnì. Òmíràn, kọ́là. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí ẹyinjú wọn ti hàn.

Ẹnu mi ò gbé e. "Ọ̀gá àwọn oníbọ́tìnnì, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó ní, "Gbogbo ìgbà tí mo bá fi hàn wọ́n, wọ́n á ní bọ́tìnnì yìí mà dára o. Mo rò pé nítorí pé àwọn ni wọ́n rán an ni." Ó wá fọwọ́ bojú. Mo ti gbé pẹ̀lú obìnrin yìí láti kékeré, ẹkún rẹ̀ tí mo rí kò tó nǹkan. Ó ní ṣé bí òun náà ṣe máa ṣe é nìyí, tí bàbá òun á kú, tí òun á wá gbé bọ́tìnnì kọ́ ara ògiri. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kó yé sunkún, pé bàbá ṣì wà láàyè, ilé wọn ò sì jìnnà.

Nígbà tó di Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, kò bá àwọn ọmọ náà jà mọ́. Ó ní òun ti ronú sí i, ó ní ẹni tó bá fẹ́ lo ohun olóhun, yíyá ló máa ń yá a. "Kẹ́ ẹ tó gbé kámẹ́rà sójú, ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ẹ sọ pé, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi lójú yín, kí n lè yà yín.'"

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí yíyá àti yíyà títí, wọ́n sọ ọ́ dorin. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin aláwò ojú lọ bá ọlọ́dẹ, ó sì wí i bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọlọ́dẹ wò ó, ó ní, "Mo yá ọ. Ṣùgbọ́n kó o dá a padà kí n tó lọ sílé o, òun ni mo fi ń ríṣẹ́ ṣe." Ni ọmọ náà bá rẹ́rìn-ín, ọlọ́dẹ náà rẹ́rìn-ín, ojú méjèèjì sì pàdé. Fọ́tò yẹn, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó wà lára ògiri ilé àwòrán náà. Ó dà bí ẹni pé ọlọ́dẹ fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ ìkẹyìn ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí bàbá wa wá. Ó fẹ́ yà wọ́n níwájú àwọn ọmọ náà, ó ní bí òun bá dá wà, òun á tún sá. Èmi ló rán sí wọn. Òun kì í rán ara rẹ̀ níṣẹ́ tó bá le.

Nísàlẹ̀ ilé ni bàbá wa ń gbé, èmi àti ìyàwó mi wà lókè. Ó ti tó ọdún kan tí wọ́n ti gbé máṣíìnì sílẹ̀, wọ́n ní àwọn èèyàn ti ń ra aṣọ tó ti wà ní rírán. Mo bá wọn lórí àga wọn, mo sì jókòó, mo ń wo bàtà wọn.

"Fọ́tò kí ni?" ni wọ́n wí. "Ṣé mi ò ní fọ́tò ni?"

"Ẹ ní, Bàbá. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ló pọ̀ jù níbẹ̀." Mo wá ròyìn àwọn ọmọ náà fún wọn.

Bàbá wa rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti rí ọmọ tó mọ nǹkan gidi. Wọ́n ní kí n bá àwọn yọ kóòtù aláwọ̀ eérú jáde.

Wọ́n di apá mi mú gírígírí láti ẹnu ọ̀nà ilé àwòrán náà títí a fi dé ìdí àga. Mo rò pé ọjọ́ orí ni. Àwọn ọmọ kí wọn, wọ́n dá wọn lóhùn dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ti so kámẹ́rà rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, kí àwọn ọmọ lè máa rí lára ògiri ohun tí òun náà ń rí. Ó gbé e sójú. A rí bàbá wa lára ògiri, ńlá bàǹtà-banta, a rí àmì onígun mẹ́rin náà. Ó gun òkè lọ dé ọrùn, ó dúró. Ó tún rọra sọ̀ kalẹ̀, ó bà lé bọ́tìnnì àkọ́kọ́.

"Àǹtí, bọ́tìnnì!" ni àwọn ọmọ kígbe.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé kámẹ́rà kúrò lójú. Ó kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, ó sì dúró bí ọmọ tó fọ́ àwo.

"Bàbá," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi lójú yín, kí n lè yà yín."

"Kí n yá ọ ní kí ni?"

"Ojú yín, Bàbá. Mo fẹ́ wò yín lójú."

Èmi tí mo di iná mú, mo ti ń wo ọ̀nà ilẹ̀kùn. Bàbá wa fi àtẹ́lẹwọ́ na eteetí kóòtù wọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ká. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Wò ó."

Àmì náà gun òkè. Ó kọjá kọ́là, ó kọjá àgbọ̀n, ó dé ojú, ó sì dúró síbẹ̀. Ojú bàbá wa wá mọ́ kedere lára ògiri, ẹyinjú kan tóbi ju orí mi lọ. Pupa tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá láti kékeré kò sí níbẹ̀. Funfun la rí. Ó ti bo ẹyinjú òsì wọn pátápátá, bí omi tí a da mílíìkì sí, ó sì ti ń wọ ti ọ̀tún bọ̀ láti eteetí.

Àwọn ọmọ náà mọ ohun tí wọ́n ń wò.

"Bàbá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "ṣé ẹ̀ ń rí mi?"

"Mò ń rí i pé ènìyàn kan wà níbẹ̀. Ohùn rẹ ni mo fi mọ̀ pé ìwọ ni."

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Kí n tó gbé máṣíìnì sílẹ̀ ni. Mo kọ́kọ́ rò pé òwú ni wọn ò ṣe dáadáa mọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa?"

"Mo rò pé ẹnìkan á rí i. Ojoojúmọ́ ni mò ń jókòó síwájú yín. Ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ ń wolẹ̀. Èmi náà ni mo ní kẹ́ ẹ máa wolẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá ní kẹ́ ẹ gbójú sókè?"

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti pa òwe yìí fún àwọn ẹlòmíràn láìmọye ìgbà, mi ò mọ̀ pé nísàlẹ̀ ilé wa ló ń gbé. Inú bí mi. Ó bí mi sí bàbá, ó bí mi sí àwa ọmọ, ó tilẹ̀ bí mi sí iná tí mo dì mú.

Kí ọkàn yín balẹ̀, mo mọ bó ṣe parí. Dókítà tá a gbé wọn lọ bá ní ojú ọ̀tún ṣì ṣeé ṣe, ó sì ṣe é. Ó ní kò sóhun tí òun lè ṣe sí tòsì mọ́, pé a pẹ́ jù. A gba èyí tó kù, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n "ẹ pẹ́ jù" yẹn kò tíì kúrò létí mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, a ò tíì mọ ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi gbé kámẹ́rà sórí itan, omijé ń bọ́ sí i lára.

"Ṣé o ti yà á?" ni bàbá wa béèrè.

"Rárá, Bàbá. Ṣé kí n yà á bó ṣe rí yìí?"

"Bó ṣe rí. Àbí mi ò tíì yá ọ?"

Ó yà á. Èyí àkọ́kọ́ mì. Èkejì dúró dáadáa, funfun ojú náà, àti ohun tó wà lẹ́yìn funfun náà, gbogbo rẹ̀ hàn. Bàbá wa ni, kì í ṣe ẹlòmíràn.

"Ó wá kàn mí," ni bàbá wí. "Sún mọ́ mi."

Ẹ̀gbọ́n mi lọ jókòó sílẹ̀ níwájú wọn. Kíá, orí rẹ̀ ti tẹ̀.

"Má wolẹ̀."

Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú, wọ́n tẹ̀ síwájú títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tirẹ̀, wọ́n sì fi ìwọ̀nba ojú ọ̀tún tó kù wò ó díẹ̀díẹ̀, láti iwájú orí dé ẹnu, bí wọ́n ṣe máa ń yẹ aṣọ wò tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gé e.

"O ti hewú," ni wọ́n wí. Ohùn wọn yí padà. "Ìwọ ọmọ kékeré yìí, o ti darúgbó. Ìgbà wo nìyẹn ṣẹlẹ̀?"

"Ó ti pẹ́, Bàbá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, kò sì mójú kúrò lára wọn.